Àìsàn Tó Ń Sinmi Ní Òwúrọ̀

Ọjọ́rú kan ni, lẹ́yìn ìrun alásárì. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ló jókòó síwájú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Pákátà, mò ń ka Yásínì, wọ́n ń gbè é tẹ̀lé mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú, n kì í wo ìwé ka súrà yẹn. Mo dé nǹkan bí àárín, ohùn mi yí padà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba ẹnu jáde bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú. Ètè mi kò fẹ́ pàdé ara wọn mọ́. Àwọn ọmọ wo ara wọn lójú. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní, "Ùsításà, ṣé ẹ ń sunkún ni?"

Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun màgáríbì, ohùn mi ti bọ̀ sípò. Mo sọ fún ara mi pé òtútù ni. Àmọ́ àyà mi kò balẹ̀, torí imú mi kò dí, ọ̀fun kò sì dùn mí. Kò sí ibì kan lára mi tó ń dùn mí. Ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé mo ń ṣàìsàn nìyẹn, èmi gan-an náà kò tètè gbà.

Láàárín oṣù méjì sí i, ìpéǹpéjú mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí mo bá jí ní àárọ̀, ojú méjèèjì á là dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, ti òsì á ti bo ìdajì ẹyinjú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé orí sẹ́yìn kí n tó lè rí iwájú. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo di méjì. Ní ọjọ́ kan ní Post Office, mo fẹ́ sọdá títì, mo rí ọ̀kadà méjì tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yẹ̀ fún ọ̀kan. Èyí tí mo yẹ̀ fún kò sí níbẹ̀; èyí tó wà níbẹ̀ ló fi dígí gbá mi ní ìgúnpá.

Oúnjẹ di iṣẹ́. Tí mo bá jẹ ẹran, àgbọ̀n mi á rẹ̀ mí kí n tó gbé e mì, mo máa ń fi ọwọ́ tì í sókè. Omi a máa gba imú mi jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní yàrá nìkan.

Ilé ìwòsàn mẹ́ta la lọ láàárín oṣù márùn-ún. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń gba káàdì, òwúrọ̀ náà sì ni àìsàn mi máa ń sinmi. Dókítà kan ní ibà ni, ó fún mi ní oògùn ibà. Òmíràn kọ ìwé awò ojú fún mi. Ẹnì kẹta wo ojú mi tó là rekete, ó bi mí bóyá ìjà wà nílé. Ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Táíwò Road, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó bi mí.

Ìyá mi ni kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní álífì. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò mọ ìwé gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ kò sí ohun tí wọ́n kọ ní kéwú tí kò lè kà. Ó lọ bá Àlùfáà kan tí gbogbo àdúgbò bọ̀wọ̀ fún, ó gba hàǹtú wá fún mi, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lára wàláà. Ìrọ̀lẹ́ ló gbé e dé. Mo sọ Bísímílà, mo gbé e mu. Ó gba ihò imú mi méjèèjì jáde, ó ṣàn dúdú sí iwájú ìborùn mi funfun.

Ìyá mi fi etí ìró rẹ̀ nù mí lójú.

"Kí lo ṣe, Sìdíkátù?"

Mo mọ ohun tó rò. Èmi náà rò ó. Mo ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo lè rántí, mo wá èyí tó lè jẹ́ kí omi Àlùkùráánì kọ̀ láti wọ inú mi.

Sàlímà, àkọ́bí wa, ló yọ wá. Ó fi fóònù ya fídíò mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ojú mi ti wálẹ̀ tí mò ń fi imú sọ̀rọ̀, ó sì gbé e lọ fún dókítà tó bi wá léèrè ìjà. Bí ọkùnrin náà ṣe wò ó tán, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà pé ká lọ rí onímọ̀ àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn ńlá.

Aago méje àárọ̀ la débẹ̀. Àwọn tó wà níwájú wa pọ̀, bẹ́ńṣì náà le. Ọkọ mi ń bínú pé wọ́n ń fi wá ṣòfò. Ó lé ní aago méjì kí wọ́n tó pè wá, orí mi ti ń tẹ̀ síwájú, ìpéǹpéjú méjèèjì ti wálẹ̀. Ìdúró tí à ń bínú sí yẹn ló jẹ́ kí dókítà rí ohun tó yẹ kó rí.

Obìnrin ni, kò tíì tó ogójì ọdún. Ó ní kí n wo àjà láìṣẹ́jú. Ó ní kí n ka oókan dé àádọ́ta. Nígbà tí mo fi máa dé méjìdínlọ́gbọ̀n, ohùn mi ti wọ imú. Ó yíjú sí ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra páà wọ́tà kan tó ti dì gbagidi ní ẹnu ọ̀nà."

Ọkọ mi rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Nígbà tó gbé e dé, dókítà fi aṣọ wé e, ó gbé e lé ìpéǹpéjú mi òsì fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú mi là. Ọkọ mi dìde dúró. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo páà wọ́tà.

Orúkọ tó pe àìsàn náà ni mayasitíníà. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ mira, ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba inú okùn tín-ín-rín kan tó lọ bá iṣan. Okùn náà kò kan iṣan. Ààyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Ńṣe ló máa tú èròjà kan sí ààyè yẹn, èròjà náà á sì wọ àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára iṣan. Ìgbà yẹn ni iṣan máa ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà. Tèmi ti ṣìnà. Wọ́n ka ilẹ̀kùn iṣan mi sí ọ̀tá, wọ́n jókòó dí i, wọ́n sì ń ba àwọn míì jẹ́. Ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tó kù máa ń tó ní òwúrọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, wọn kì í tó mọ́. Òtútù yìnyín máa ń jẹ́ kí èròjà yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó pòórá, ìdí tí ojú mi fi là nìyẹn.

Mo bi í bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fà á. Ó ní rárá, àwọn onímọ̀ gan-an kò tíì mọ ìdí tí ọmọ ogun ara fi ń ṣìnà lára ẹnì kan tí kò ṣìnà lára ẹlòmíràn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí Èkó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì. Ó jẹ́rìí sí i.

Ó fún mi ní oògùn tí mò ń lò ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Oògùn náà kì í lé ọmọ ogun kúrò; ó kàn ń jẹ́ kí èròjà yẹn pẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wákàtí kan tó pé, mo jẹ odidi ègé ẹran kan láìfọwọ́ ti àgbọ̀n. Ó tún fún mi ní ìwé tó kọ orúkọ àwọn oògùn tó lè pa mí sí, títí kan àwọn abẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún ikọ́. Ó ní kí ìwé náà má jìnnà sí mi.

Ó jìnnà sí mi. Nígbà ọyẹ́, ikọ́ mú mi, mo wọ ilé ìtọ́jú kékeré kan láì gbé báàgì tí ìwé wà nínú rẹ̀. Mo sọ pé àìsàn kan wà lára mi, ohùn mi kò já gaara, nọ́ọ̀sì náà kò sì gbọ́. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Àìsàn tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀ ketekete, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mí mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí. Kò dà bíi pé nǹkan fún mi lọ́rùn. Ọ̀nà ọ̀fun ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn wà níta, agbára láti fà á wọlé ni kò sí. Ara mi kò lè jà, ojú mi kò lè fi ẹ̀rù hàn, ọkàn mi sì mọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wakọ̀, ó ń sọ pé, "Ìyá Sàlímà, mí. Tún mí. Tún mí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka èémí kọ̀ọ̀kan dé ilé ìwòsàn ńlá.

Wọ́n ki rọ́bà sí mi lọ́fun, ẹ̀rọ ń bá mi mí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ní ọjọ́ kejì kejì, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi kọjá nínú ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n ń ya omi inú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun aṣìnà wà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi omi tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka mi mira. Mo ṣe àmì pé kí wọ́n fún mi ní bírò.

Ohun tí mo kọ, kò sí nọ́ọ̀sì tó lè kà á. Yorùbá ni, lẹ́tà kéwú ni mo fi kọ ọ́, torí òun ni ọwọ́ mi mọ̀ láìronú. Wọ́n yí bébà náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n gbé e fún Sàlímà, ó gbìyànjú, kò lè kà á. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ìyá mi wọlé, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á sókè: "N kò ṣe nǹkan kan."

Ó ká bébà náà, ó fi í sí abẹ́ gèlè rẹ̀. Ó gbé ẹnu sí etí mi.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rù ló bà mí. Forí jì mí."

N kò lè dá a lóhùn. Omi ojú mi nìkan ni kò gba àṣẹ lọ́wọ́ iṣan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹran kékeré kan tí wọ́n ń pè ní táímọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn egungun àyà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọ́ṣẹ́ láti kékeré, tèmi sì ti wú. Ìwádìí ti fi hàn pé yíyọ ọ́ máa ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní àìsàn yìí lọ́wọ́, àmọ́ dókítà kìlọ̀ pé ọdún kan tàbí méjì lè kọjá kí n tó rí èrè rẹ̀. Oògùn mìíràn tí wọ́n fún mi, èyí tó ń tẹ ọmọ ogun lórí ba, mú kí ojú mi wú, kò sì jẹ́ kí n sùn. Mo sunkún níwájú dígí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà tún ní kí n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti òtútù àyà àti ti àrùn gágá, irú èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, kí ikọ́ má baà tún gbé mi ṣubú.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ìwòsàn pátápátá wà. Ó ní kò tíì sí. Ó ní abẹ́rẹ́ tuntun ti wà ní ìlú òkèèrè tó ń mú kí ara tètè da ọmọ ogun aṣìnà nù, àwọn míì sì ń wá bí wọ́n ṣe máa tún àwọn ọmọ ogun náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. N kò gbé ọkàn lé e, n kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ó ti di ọdún kejì báyìí. Ohun gbogbo ti di ọ̀kan ní ojú mi. Mò ń jẹun láàárín ènìyàn. Tí mo bá ṣiṣẹ́ jù, ìpéǹpéjú òsì á ṣì rán mi létí, màá lọ sùn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí tí ẹnikẹ́ni bá húkọ́ nítòsí mi, n kò ní purọ́ pé kò bà mí. Tí ojú rẹ bá ń wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ohùn rẹ bá ń lọ sílẹ̀ bí o ṣe ń lò ó, ní kí wọ́n ya fídíò rẹ, kí o sì jẹ́ kí dókítà rí ọ nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́.

Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ojú, fún ọmọ, fún ilé. N kò dúpẹ́ rí fún itọ́ tí mo gbé mì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìṣẹ́jú ni mò ń gbé e mì. Àwọn nǹkan tí ara ń ṣe láì sọ fún wa ló pọ̀ jù.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà ni mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀rín. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbé ẹnu mi sókè mọ́, eyín á kàn yọ bíi ti ajá tó fẹ́ buni jẹ. Nítorí náà mo máa ń fi ìborùn bo ẹnu. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, à ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó wá ra táyà, tó ra méjì, tó ní òun gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ń lo mẹ́ta. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Mo kàn rí i pé ọkọ mi kò jẹ àgbàdo mọ́, ó ń wo ẹnu mi.

"Kí ló dé, Bàbá Sàlímà?"

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Tún rín in."