Gílóòbù Ọmọńlé

Ariwo ìrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Inú páálí ni ìyàwó mi máa ń rà wọ́n wá, wọn a sì máa ké láàárọ̀ lálẹ́ nínú pálọ̀ wa ní Duncanville. Ìrẹ̀ tí àwa ń wà jáde nínú ilẹ̀, tí à ń yan jẹ ní kékeré, òun là ń rà fún ọmọńlé. Ọmọńlé tí ìyá mi ń fi ìgbálẹ̀ lé lára ògiri, tó lè torí rẹ̀ da odidi ìkòkò ọbẹ̀ nù bó bá já sínú rẹ̀, òun ló wá ní ilé gíláàsì, ewé, iyanrìn àti gílóòbù tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ni ín.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, òun àti ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Euless. Ó fọwọ́ kan gílóòbù náà.

"Daddy, it's from a hot place. This is its sun. Ẹ má pa á o."

Mo yọ ṣùtì. Ta ló ń tan iná fún ọmọńlé ní Ìsẹ́yìn? Mo gbàgbé pé Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀ ni iná wọn. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò yé sọ ọ́ pé igi tí a bá fojú tẹ́ńbẹ́lú ní ń gún ni lójú.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná bàjẹ́. Mo gbé hítà kékeré jáde, mo fa wáyà gílóòbù yọ, mo sì ki ti hítà mi bọ ojú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ mi lè gbóná. Èmi tí mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo máa lọ sùn, mo gbé hítà lọ sí yàrá, n kò sì rántí gílóòbù mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọńlé ti nà gbalaja sórí iyanrìn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Síbẹ̀ mo mú un, èmi tí n kì í fọwọ́ kàn án, mo fi sínú síńgílẹ́ẹ̀tì mi, láyà, mo sì jókòó tì í. Bí ìyàwó àti ọmọ mi ṣe dé bá mi nìyẹn. Ọmọ náà kò sunkún. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo wáyà tó wà nílẹ̀.

"Daddy, ẹ pa á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ̀ bóyá iná ló ń bèèrè àbí ọmọńlé.

Títí di òní, n kò fẹ́ràn ọmọńlé. Ọmọbìnrin mi ti di ìyá ọmọ. Tó bá gbé ọmọ rẹ̀ wá kí a bá a tọ́jú rẹ̀, á kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀rọ ara ògiri tó ń sọ bí ilé ṣe gbóná tó, kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Èmi kì í gbójú sókè.