Ọjọ́ Tí A Jọ Mọ Ojú Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi kú, n kò sunkún. Mo ṣe oúnjẹ fún àlejò, mo to àga, mo kó àga, gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé mo gbójú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́, mo sì ń bá adìyẹ jà. Nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Ìkpìnlẹ̀ yẹ̀ mí wò, ó ní ìbànújẹ́ ló dì sí mi láyà. Ó ní kí n wá nǹkan tí n ó máa fọwọ́ ṣe, kí ohun tó wà nínú lè rọ́nà jáde.

Mo lọ bu amọ̀ létí odò, mo jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ojú ìyá mi. Nígbà tí mo parí, bàbá mi ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá rọra béèrè bóyá ewúrẹ́ wa ni.

Inú bí mi. Àbúrò ìyá mi, tí ilé wọn kò jìnnà, wá wò ó, wọ́n ní imú ni kò tó. Wọ́n fa imú náà títí ó fi kan ètè. Aládùúgbò wa kan, tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́ bọ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi kún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lẹ amọ̀ mọ́ ọn. Bàbá mi, tí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, gbé etí kan dé tó tóbi bí ewé kókò.

"Èyí ló fi ń gbọ́ ohun tí kò kàn án," ni wọ́n wí.

Gbogbo wa ń wo etí náà. Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti gbá mi mú. Mo sunkún bí ọmọdé, amọ̀ kún imú mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Bàbá mi kàn béèrè bóyá kí àwọn yọ etí náà kúrò. Mo mirí pé rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé la ń mọ amọ̀, a kò sì tíì mọ̀ ọ́n mọ rárá. Bàbá mi la ń mọ lọ́wọ́ báyìí. Wọ́n jókòó tààrà lórí àpótí, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbàgbé irun àwọn. Orí wọn ti pá kí n tó wọ ilé ìwé. Àbúrò ìyá mi lẹ irun àgbàdo mọ́ ọn fún wọn, wọ́n sì ní ó jọ àwọn gan-an.