Ìkúnlẹ̀ Hùdá

Oṣù mẹ́jọ ni Alájì Fàdílù fún Hùdá, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí kò bá rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń lé kiri láàárín àkókò yẹn, kó padà sídìí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jà.

Ohun tó ń kọ́ ṣòro láti là yé ará ilé. Wọ́n máa ń di ètò orí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú gbogbo ohun tó nílò, sínú àpótí kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀ntéńà. Bí àpótí bá pọ̀, apá ènìyàn kì í ká a mọ́; ètò alábòójútó kan tó ń jẹ́ Kubẹnẹ́tẹ́sì ni yóò máa pín wọn sórí ẹ̀rọ, tí yóò sì gbé òmíràn dìde bí ọ̀kan bá ṣubú.

Mùjàhídì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kọ̀ntéńà tiwa ń ti etí òkun Kútọnu bọ̀, a sì ń bá aṣọ nínú rẹ̀. Tìrẹ dà, ìyá oníkọ̀ntéńà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n gbọ́ ti ara mi."

Oṣù méjì gbáko ni àpótí kan fi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó ń jí, tó tún ń kú, kó tó mọ̀ pé àyè ìrántí ẹ̀rọ tí òun pín fún un ló kéré jù.

Oṣù kẹjọ ń parí lọ nígbà tí ọjọ́ ìdánwò iṣẹ́ pé. Iléeṣẹ́ kan ní Kútọnu ló gbé e kalẹ̀. Ọkùnrin kan ń ṣọ́ ọ láti ibẹ̀ nípasẹ̀ kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá kúrò níwájú kámẹ́rà, tirẹ̀ ti parí. Hùdá bẹ gbogbo ará ilé wọn ní àdúgbò Albarika kí wọ́n má wọlé tọ òun.

Ó dé orí iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn. Àpótí mẹ́ta tó gbé kalẹ̀ dúró ṣinṣin. Ó kù kó fi ránṣẹ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Yésúfù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ti Ṣábẹ̀ dé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rójú sọ fún un.

"Hùdá! Mo dé, o ò yọjú?"

Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó ronú. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ará Ṣábẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ní kó dìde, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ti pa ìdánwò dé.

"Alájì, ọmọ yìí gbẹ̀kọ́ o," ni Bàbá ń sọ bó ti ń jáde lọ.

Hùdá kọ̀wé sí Kútọnu. Wọ́n bi í pé níbo ló lọ. Ó ní òun kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ka èsì náà fún bàbá rẹ̀.

"Oṣù mẹ́jọ la jọ sọ."

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín ni mo kí."

"Ṣé kí o má kí i ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Hùdá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà.