Rédíò Tí Màmá Mi Kò Gbé Jáde

Mo dúró níwájú ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Moniya, òórùn òjé tó ń yọ́ gba imú mi, mo sì rántí ọ̀sán tí màmá mi tún rédíò bàbá mi ṣe.

Rédíò àtijọ́ onígílóòbù ńlá ni, èyí tí gílóòbù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n kó tó lè sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí bàbá mi kú ni òun náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a jọ ń gbé agboolé, dúró lójúde.

"Ìyá Bọ́lá, gbé òkú rédíò yẹn jáde fún àwọn tó ń ra àjákù irin."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kò ní jáde."

Màmá mi tú ẹ̀yìn rédíò náà lórí ẹní. Tiransifọ́má kékeré tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ti jó, ó ń rùn bí ọ̀dà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi èyí tí wọ́n rà ní Ṣáṣá rọ́pò rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rí i tí bàbá mi ń ṣe é. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé jó wọn níka. Wọ́n fi ìka sẹ́nu, wọ́n tún padà sídìí iṣẹ́.

Mo rò pé ìjà rédíò lásán ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwa náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ lé jáde nínú ilé tẹ̀lé e.

Gílóòbù pọ́n díẹ̀díẹ̀, rédíò kùn, ohùn ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn.

"Ìyá Bọ́lá, dín in kù!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ké láti òde.

Màmá mi yí i sókè dé òpin.

"Ilé ọkọ mi ni mo ti ń gbọ́ rédíò, Bàbá," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa àpótí, wọ́n jókòó.