Ẹ̀yáwó Méjì, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kan

Ẹni tó bá ní òun ò jowú rí, kó wá bá mi gbé nínú agbo ilé wa l'Ẹ́dẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Epo pupa ni mò ń tà, mo sì ti ń tà á kí ọkọ wa tó fẹ́ ìyàwó kékeré. Nígbà tí ẹyìn bá pọ̀ lóko Sẹkọnà, tí epo pọ̀ nílẹ̀, à á rà á sínú kẹ́ẹ̀gì, à á tò ó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá di ìgbà tí epo wọ́n, à á gbé e jáde tà.

Lọ́dún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, gbogbo nǹkan gbówó lórí, owó ọjà mi ò ra ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọkọ wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró fún mi kí n yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, nítorí èlé ibẹ̀ kéré, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án. Ìyàwó náà fẹ́ yá a, òun náà fẹ́ ra epo. Ẹnì kan ṣoṣo ni ọkọ wa lè dúró fún.

"Ìwọ ti mọ ọjà," ó ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Ọmọ tuntun wo? Ọmọ tuntun tó ga jù mí lọ. Mo ní kò burú, mo wọ yàrá, mo sunkún.

Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn gbọ́mu-lé-lantà lọ yáwó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi l'Ọ́jà Tìmì kìlọ̀ fún mi pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbowó, pé bí ẹnì kan ò bá rí i san, gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ yáwó ló máa jókòó dè é. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ìyàwó ti ń wọlé, mi ò sì lè fara mọ́ kí tirẹ̀ nìkan kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí tèmi dé, ó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, iwájú tirẹ̀ ni mo tò ó sí. Oúnjẹ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Gbọ́mu-lé-lantà kì í dúró de ìgbà tí epo máa wọ́n. Mo fi owó oúnjẹ san, mo fi owó ilé ìwé àwọn ọmọ san. Lọ́jọ́ tí mi ò rí nǹkan kan san mọ́, àwọn obìnrin tí a jọ yáwó wá jókòó síwájú ilé wa, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyàwó jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ n ra epo náà lọ́wọ́ yín. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni màá san."

Kò yọ kọ́bọ̀. Ká ní ó yọ ọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ra gbogbo rẹ̀. A ò tilẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì kankan kúrò níbi tó wà, ẹni tó ni wọ́n ló yí padà.

Nígbà tí epo wá wọ́n bí ojú, ó tà á, ó san gbèsè alájẹṣẹ́kù, ó tún ra ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn oníbàárà mi ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọbẹ̀ kaná, kò sí epo. Mo mú abọ́, mo lọ bá a, mo sanwó mi pé. Ó kúnlẹ̀ gba owó, ó wọn epo fún mi, ó wá bu èènì lé e.

Mo gbà á. Mi ò tíì dárí èènì yẹn jì í.