Ìwé Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Rán Pa

“Màmá, ẹ má fi abẹ́rẹ́ kan ìwé ọmọ mi o.”

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin mi ṣe fún mi lórí tẹlifóònù nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ń sọ pé ọmọ òun ń ti Kútọ̀nu bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Parakú. Kò kìlọ̀ nípa ẹ̀fọn, kò kìlọ̀ nípa ọ̀nà títì, ohun méjì tí èmi ì bá kọ́kọ́ sọ. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, “Ẹ tún un sọ kí n gbọ́.” Mo tún un sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, kí ọmọ náà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ẹni tó máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Ìgbà kámáráàdì ni, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ará ìlú máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni kámáráàdì nígbà náà: èmi tí mo ń ránṣọ ní àdúgbò Banikanni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń ta ẹran. Ọmọbìnrin mi yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti oṣù méjì, ó sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ìsinmi ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, ìwé méjì ni mo máa ń rà fún un ní ilé ìtàwé tó wà lójú ọ̀nà ọjà Arzèkè: ìwé àròsọ kan, ìwé òtítọ́ kan. Òun ló ń yàn wọ́n, èmi ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ìwé òtítọ́ kì í gbà mí lákòókò. Bó bá ti jẹ́ nípa adìyẹ, odò tàbí ọṣẹ, mo ti gbà. Ìwé àròsọ ni mo ń ṣọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́, èyí tó gbẹ̀yìn, àti mẹ́ta láàárín, mo máa ń kà wọ́n tán kí n tó sanwó. Bàbá tó ni ilé ìtàwé náà, ará Ìdàáṣà tó ti ṣe olùkọ́ rí, ti gbé àpótí kan sídìí ògiri fún mi.

“Aṣọ́bodè ti dé,” ló máa ń wí. “Ẹ̀yin ìwé, ẹ tú ẹrù yín.”

“Ẹ ta ọjà yín, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i.”

“Ẹ ò ṣe mú ìwé pupa yìí, kámáráàdì? Kò sí ẹni tó fẹnu ko ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Ọkọ̀ ìtúlẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀.”

Ìwé pupa tó ń sọ ni àwọn tó ń ti ilẹ̀ àwọn kámáráàdì òkèèrè wá, tó nípọn, tí owó wọn kò tó nǹkan, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ọmọ mi á kọjú sí wọn, á máa ka ẹ̀yìn wọn bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Kí n sọ ohun tí mo ń jẹ nídìí ìwé àròsọ ọmọ mi. Lọ́sàn-án, bí mo bá ń ránṣọ, ọmọ mi á jókòó tì mí, á máa kan bọ́tìnnì, á sì máa sọ ìtàn tó ń kà fún mi, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ti mọ òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í sọ. Láàárín ìtàn ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ tirẹ̀: ẹni tí wọ́n jọ jà ní kíláàsì, olùkọ́ tó ń bà á lẹ́rù.

Ní ọdún yẹn, ìwé òtítọ́ tó mú jẹ́ nípa ara ènìyàn. Mo gbà, ara kì í ṣe àròsọ. Ìwé àròsọ rẹ̀ jẹ́ nípa ọmọbìnrin kan ní abúlé, ó sì ti dì í mọ́ àyà láti ìgbà tí a ti wọlé. Mo jókòó lórí àpótí. Ìbẹ̀rẹ̀ dára, òpin dára. Ní ojú ewé 112, ọmọbìnrin náà gba ojú fèrèsé jáde, ọkùnrin kan sì ń dúró dè é pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. N kò ka síwájú.

N kò lè gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú bàbá yẹn. Mo rà á. Nígbà tí a délé, mo mú òwú funfun, mo rán etí ewé mẹ́fà tó tẹ̀lé e pọ̀, títí dé ìparí orí náà. Ojú òwú méje, kókó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

“Bí o bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kí o tú u,” ni mo wí.

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. “Ó dára, Màmá.”

Láti ọjọ́ kejì ni ìtàn ti dáwọ́ dúró. Mo bi í pé ibo ló kà dé. Ó ní, “Mo ti kà dé ìdí òwú.” Lọ́jọ́ kẹta, ìdí òwú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ìdí òwú ló wà. Ó ń kan bọ́tìnnì, kò sọ̀rọ̀, kò sì bínú. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti fèrèsé lọ: ọmọ tí kò sọ ìtàn inú ìwé fún ìyá rẹ̀ mọ́, ṣé tara rẹ̀ ni yóò sọ?

Ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tó lọ pọn omi, mo mú ìwé náà, mo ka ojú òwú. Mẹ́jọ ni. Kókó rẹ̀ wà lókè. Ó tún tọ́ ju tèmi lọ.

Mo gbé e lọ sí ilé ìtàwé. Bàbá náà wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ojú òwú náà dáadáa.

“Ọmọ yìí mọ iṣẹ́,” ló wí. “Ìwé òtítọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rán òun náà?”

“Kí ni mo fẹ́ rán níbẹ̀? Ara ènìyàn ni.”

Ó mú irú rẹ̀ kan lórí pẹpẹ, ó ṣí i sí orí kẹsàn-án, ó nà án sí mi. Mo wo àwòrán. Mo pa á dé. Mo tún un ṣí. Mo jókòó lórí àpótí, mo ka orí náà tán. Ohun tí mo rò pé ìwé àròsọ fi pa mọ́ sẹ́yìn fèrèsé, ìwé òtítọ́ ti ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti bí nígbà náà, síbẹ̀ ohun mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí.

“Aṣọ́bodè,” bàbá náà wí jẹ́jẹ́, “àpò gàrí lẹ ń tú, erin ti gba ẹ̀yìn yín kọjá.”

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìwé àròsọ náà sórí máṣíìnì, mo fi abẹ tí mo fi ń tú òwú lé e.

“Mẹ́jọ ni,” ni mo wí fún ọmọ mi.

“Mo mọ̀ pé ẹ ó kà á,” ló wí. “Ká ní mo fẹ́ fi pa mọ́ fún yín ni, méje ni ǹ bá rán.”

Mo ní kó tú u. Ó tú u, òwú kan tẹ̀lé òwú kan, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí.

“Dókítà ni ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn,” ló wí. “Ìyá ọmọbìnrin náà ló ń rọbí lóko, ọmọ náà ló fẹ́ fọ̀nà han dókítà. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ bíi tiyín. Dókítà lẹ rán mọ́ inú ìwé, Màmá. Ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin yẹn fi rọbí nítorí yín.”

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo sọ fún un pé mo ti ka orí kẹsàn-án ìwé kejì. Àwa méjèèjì tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dáhùn. N kò ní kọ ọ́ síbí, tirẹ̀ ni.

Nígbà tí a kó lọ sí àdúgbò Albarika, mo ṣèèṣì ta ìwé náà mọ́ páálí ìwé àtijọ́ kan ní Arzèkè. Mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi rí i, kí ó fúnra rẹ̀ ka ihò rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ yóò sọ fún un pé ogún ni mo rán. Bí ìwé àròsọ kan bá wà lọ́wọ́ yín tí etí ewé rẹ̀ ní ihò abẹ́rẹ́ láti ojú ewé 113 dé 124, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tó tẹ ìwé tí ẹ ti ń ka ìtàn yìí mọ ilé mi. Ìwé méjì ni n óò fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí ẹ bá fúnra yín yàn. N kò ní yẹ̀ wọ́n wò.