Kọ́ńtáàtì Tí Bàbá Mi Kò Jí

Wọ́n pe bàbá mi ní olè nítorí ohun tí kò sí nínú ẹ́ńjìnnì náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Láyé ìgbà náà, lẹ́yìn 1970, òórùn bẹntiróòlù àti àkàrà ló máa ń jí wa nílé wa l'Éjìgbò. Iwájú ilé ni bàbá mi ti ń tún máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, ṣe, ibẹ̀ náà ni màmá mi ti ń dín àkàrà. Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, ariwo ló jí mi. Ọ̀gá Súlè, olórí àwọn mẹkáníìkì ìlú, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, tòun ti Màmá Àbíjàn àti máṣíìnì tuntun tí ìyá náà gbé ti Kodifúà bọ̀. Bàbá mi ti bá a fọ kábúrétọ̀ rẹ̀. Nígbà tí máṣíìnì náà kú lọ́nà Màsífà, Ọ̀gá Súlè tú u, kò rí kọ́ńtáàtì.

"Bàbá Rísí, níbo lo kó kọ́ńtáàtì obìnrin yìí sí? Àbí o ti sè é jẹ ni?"

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ kọ́ńtáàtì: irin kéékèèké méjì tó ń pàdé, tó ń yà, tí kọ́ìlì fi ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì. Gbogbo máṣíìnì ìlú wa ló ní i. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kò bi bàbá mi ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máṣíìnì ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n kéde rẹ̀ ní olè dé àwọn ìlú ìtòsí, dé Ọ̀là, dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ni bàbá mi wí. Ó ní kí gbogbo wọn wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Wọ́n wá, èrò pọ̀. Bàbá mi gbé táńkì máṣíìnì Màmá Àbíjàn kúrò, ó fi wáyà kan tí rọ́bà rẹ̀ ti bó hàn wọ́n. "Ara irin ni iná ń gbà sá lọ." Ó fi rọ́bà wé e. Ó wá mú púlọ́ọ̀gì kan, ó rì í bọ ọ́ìlì dúdú, ó fi sínú máṣíìnì Ọ̀gá Súlè fúnra rẹ̀. Ọ̀gá Súlè fẹsẹ̀ ta á, ta á, fìlà rẹ̀ já bọ́. Máṣíìnì kàn ń wúkọ́.

"Ẹ rọra o, Ọ̀gá," ni Màmá Àbíjàn wí. "Bóyá kọ́ńtáàtì tiyín náà ti sá lọ!"

Bàbá mi yọ púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́gbin yẹn, ó fi sínú ti Màmá Àbíjàn. Ẹ̀ẹ̀kan ló ta á. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù!

"Àpótí dúdú tó wà lábẹ́ táńkì yìí ló rọ́pò kọ́ńtáàtì; òun ló ń kó iná jọ, tó ń tú u jáde lẹ́ẹ̀kan bí ìbọn," ni bàbá mi wí. "Iná kọ́ìlì tiyín ń pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, ó dára fún ẹ́ńjìnnì tó ń rọra lọ, ẹ sì lè fi pépà ha kọ́ńtáàtì tó bá dọ̀tí. Èyí kò ṣeé ha; bó bá kú, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí púlọ́ọ̀gì kò dá a dúró. Kí ni mo fẹ́ jí níbẹ̀?"

Ariwo ayọ̀ sọ. Màmá Àbíjàn gbé bàbá mi sẹ́yìn máṣíìnì, wọ́n yí ọjà ká, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé wọn. Kó tó di ọjọ́ kejì, máṣíìnì ti kún iwájú ilé wa.

Ọmọ tó ń sáré yẹn rò pé ẹjọ́ ti parí. Èmi tí mo wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì mọ̀ pé kò tíì parí. Wọ́n kéde olè. Ẹnikẹ́ni kò kéde àre. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ṣì wà láyé, ta ló ní kẹ́ ẹ dájọ́ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ kò rí irú rẹ̀ rí? Ìgbà wo lẹ máa dé Ọ̀là àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kẹ́ ẹ fi ẹnu tẹ́ ẹ fi pe bàbá mi lólè sọ pé irọ́ lẹ pa?